Tíì Ẹ̀yìn Pákó

Ríyáàdì,
ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti ibi tí oòrùn ti ń mú irin gbóná débi pé a kì í fọwọ́ lásán kàn án. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún ọ̀tún yín ti gbà kí ẹ máa dìde lórí ìrun láìdi ògiri mú? Màmá ní dáadáa lẹ wà, ṣùgbọ́n Màmá a máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fọ́ kọnkéré ti ba etí yín jẹ́, òun ló ń gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, ẹ̀yin lẹ sì ń ka ìwé mi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí àwọn nǹkan wà tí mo lè kọ sí yín tí mi ò lè sọ fún un.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní. Wọ́n ti fi mí ṣe olùyẹ̀wò iṣẹ́ káfíńtà ní gbogbo ìsàlẹ̀ ilé tí a ń kọ́ yìí, wọ́n sì fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rò pé ti eré ni. Wọn ò fi pilánù bébà ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ wa. Gbogbo pilánù ilé náà ló wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, bí àwọn ayàwòrán ilé ní Bẹ̀rúùtù bá sì sún ilẹ̀kùn kan ní àárọ̀, kí n tó mu tíì mi tán, ilẹ̀kùn náà ti sún lọ́wọ́ tèmi níbí. Tí káfíńtà bá parí ibì kan, á tẹ àmì aláwọ̀ ewé, orúkọ rẹ̀ á jáde síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Tí mo bá rí àṣìṣe, màá fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, àmì pupa á yọ, màá kọ ohun tí mo rí, gbogbo wa á sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà: ẹnjiníà, àwọn oní-páìpù, àwọn oníná, títí dé àwọn ará Bẹ̀rúùtù. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn ò sọ fún òun.

Ẹ̀gbọ́n Màmá, tí a jọ ń ṣe káfíńtà níbí, ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹ ṣáà mọ Ọ̀gá Dàdírù. Pilánù bébà tí wọ́n pín nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló ká sí mẹ́jọ sínú àpò àyà rẹ̀, ó ní bátìrì ti òun kì í kú. Tó bá di pé kó tẹ àmì, á na ìka sí tábúlẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ejò, á tún fà á padà, á ní, "Mínháàjì, bá mi tẹ ìranù yìí." Ará Bangladéṣì ni Mínháàjì, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí tó ti ń bá Ẹ̀gbọ́n Màmá ṣiṣẹ́. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Báyìí ni orúkọ Mínháàjì ṣe ń jáde lórí gbogbo iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Màmá. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín jẹ.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kó fi ilá gbígbẹ rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá tó bá ń padà bọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀ tó máa ń gbé sí oòrùn kó wú. Búrẹ́dì ibí tín-ín-rín, ènìyàn lè kọ̀wé sí i lára.

Èmi ọmọ yín,
Rífáàtì


Jíríjà,
ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án

Rífáàtì ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á fún ìyá rẹ, ó ní mò ń pariwo, pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé wọ́n fún ọmọ Abdu-Ràdí ní gíláàsì oní-pilánù. Mo ní kí wọ́n gbọ́. Orúnkún ń ṣe tirẹ̀, èmi náà ń ṣe tèmi.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. O ní tí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe, o máa fi àmì pupa sí i, wọ́n á sì rí i títí dé Bẹ̀rúùtù. Ṣé iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ ọ ni àbí iṣẹ́ ọlọ́fòófó? Ogójì ọdún ni mo fi kan pákó fún kọnkéré, níbí, ní Bagdáàdì, ní Bẹ̀ngásì. Mo ṣe àṣìṣe, àwọn ọ̀gá mi náà ṣe é. Kò sí ọjọ́ kan tí a dá ọ̀gá lẹ́jọ́ níwájú àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é, torí ìwọ náà ti ṣe é fún mi rí. Wàá se tíì, wàá fi ṣúgà sí i, wàá ti rò ó kí o tó gbé e dé. Wàá gbé e lọ bá ọ̀gá lẹ́yìn pákó níbi tí ojú ò tó, wàá jókòó sí òsì rẹ̀, wàá máa wo ilẹ̀. Ọ̀gá tí wọ́n gbé tíì fún láìbèèrè ti mọ̀ pé nǹkan ti wọ́ níbì kan. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti tó. Tó bá mu ún tán, á dìde lọ tún un ṣe, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ gbogbo ilé tí mo kọ́.

Dàdírù ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Òun ló wá físà fún ọ, yàrá rẹ̀ lo kọ́kọ́ sùn sí nígbà tí o dé ìlú yẹn. Mi ò fẹ́ gbọ́ láéláé pé o fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú pupa kí àwọn àjèjì máa kà á. Tí mo bá gbọ́ ọ, má wulẹ̀ wá bá mi ṣe Iléyá nílé yìí.

Ilá wà nínú àpò. Ìyá rẹ ka búrẹ́dì mẹ́jọ sí i. Tí o bá bá méje, ẹni tó gbé e wá ni kí o bi.

Bàbá rẹ,
Abdu-Ràdí


Ríyáàdì,
ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Búrẹ́dì mẹ́fà ni mo bá, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni. Ilá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Òtútù máa tó dé lọ́dọ̀ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ra súwẹ́tà tí ẹ máa bá nínú ọ̀rá dúdú. Irun àgùntàn gidi ni, kì í ṣe àwọn tó ń gún ènìyàn lọ́rùn. Àwọ̀ rẹ̀ bíi ti kọfí tí wọ́n fi mílíìkì díẹ̀ sí, ọrùn rẹ̀ ga, ó sì ní bọ́tìnnì mẹ́ta tí ẹ lè ṣí tí ooru bá mú yín. Mo kọ́kọ́ mú aláwọ̀ eérú, mo dá a padà torí ó máa mú kí ẹ dà bí arúgbó. Èmi fúnra mi wọ̀ ọ́ wò ní ìsọ̀, mo sì ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi jù mí lọ, torí mo rántí èjìká yín. Ẹ sọ fún Màmá pé omi tútù ni kó fi fọ̀ ọ́, kó má sì sá a sínú oòrùn. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá gùn jù, ẹ ká a sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é báyìí.

Iṣẹ́ ń lọ. A fọ́ ògiri kan ní ìsàlẹ̀ torí pé ihò páìpù rẹ̀ ga jù. Orúkọ Mínháàjì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ti ní kó máa múra ilé. Ẹ̀gbọ́n Màmá ń kí yín.

Ọmọ yín,
Rífáàtì


Jíríjà,
ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá

Rífáàtì ọmọ mi,

Súwẹ́tà dára. Mo wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀, wọ́n ní mo jọ mínísítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò nípò. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ti sá a sínú oòrùn.

Odindi ojú ewé kan lo fi sọ̀rọ̀ súwẹ́tà fún mi. Ìlà mẹ́ta péré lo fún ògiri. Káfíńtà ni mí, kì í ṣe aránṣọ, nítorí náà ti ògiri ni kí a sọ.

Ihò páìpù kì í ṣí ara rẹ̀. Ẹnì kan ló ń kan àpótí pákó mọ́ ibi tí ihò máa wà kí wọ́n tó da kọnkéré. Ẹni tó ń gbé ìṣó fún ọ̀gá kọ́ ló ń wọn gíga àpótí náà, ọ̀gá ni. Lábẹ́ ta ni Mínháàjì ti ń ṣiṣẹ́? Ìwọ lo sọ fún mi. Ta ni olùyẹ̀wò ìsàlẹ̀ ilé náà? Ìwọ náà lo tún sọ fún mi, inú rẹ sì ń dùn. Báwo lo ṣe kọjá níwájú ihò tó ga débi tí wọ́n fi fọ́ ògiri, tí o ò rí i? Èmi ni mo kọ́ ojú rẹ. Láti kékeré lo ti ń rí pákó tó fi ìbú ìka kan yẹ̀.

Kọ̀wé sí mi, kí o kọ ọ́ tán.

Bàbá rẹ,
Abdu-Ràdí


Jíríjà,
ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá

Rífáàtì,

Ẹni tó gba lẹ́tà mi lọ́wọ́ mi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó sì ti tún padà wá sílé nítorí àìsàn ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun fi lé ọ lọ́wọ́, pé o kà á níṣojú òun, o sì ká a sínú àpò. O fi dàbínù rán an sí mi. Mo kó gbogbo dàbínù náà kúrò nínú páálí, mo wo ìdí páálí, kò sí lẹ́tà.

Mo bi ìyá rẹ bóyá ara rẹ ò yá. Ó ní o máa ń pe òun, o sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ó dára, a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ò kán.

Ìyàwó Dàdírù wá kí wa lọ́jọ́ Ajé. Èmi kì í gbọ́, àmọ́ mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ètè, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀. Ó ń sọ fún ìyá rẹ pé Ọlọ́run ló yọ ọkọ òun lọ́wọ́ ará Bangladéṣì kan tó fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ìyá rẹ ṣe àmín. Mo wo ilẹ̀ títí obìnrin náà fi lọ.

Mò ń dúró dè ọ́.

Abdu-Ràdí


Ríyáàdì,
ọjọ́ kẹrin, oṣù kejìlá

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Ojú ń tì mí. Ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ sí yín tí mo ya, ìkẹrin rèé.

Ogójì sẹ̀ǹtímítà ni. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí a máa da kọnkéré, àwọn ará Bẹ̀rúùtù sún ihò páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sísàlẹ̀ lórí ògiri kẹrìnlá. Ó dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, mo bá Ẹ̀gbọ́n Màmá tó ti kan àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí gíga àtijọ́, pilánù bébà rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí orúnkún rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo rí i. Ìka mi ti wà lórí gíláàsì. Mo rántí lẹ́tà yín, mo ti tábúlẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ abíyá, mo lọ se tíì.

Ṣúgà ṣíbí mẹ́ta, mo rò ó. Mo gbé e lọ bá a lẹ́yìn pákó, mo jókòó sí òsì rẹ̀, mo wo ilẹ̀. Mínháàjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi eyín di ìṣó mú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògiri yìí mà ga." Ó ní, "Ó ga lóòótọ́." Mo ní, "Bóyá kí ẹ tún bá wa wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí kọnkéré tó dé." Ó mu tíì náà tán, ó dá ife padà fún mi, ó ní, "Ṣúgà rẹ̀ ṣe wẹ́kú." Mo dìde, mo sọ fún ara mi pé mo ti sọ ọ́.

Bàbá, mi ò sọ ọ́. Mi ò dárúkọ ihò, mi ò dárúkọ ogójì. Mo fi ọ̀wọ̀ wé ọ̀rọ̀ náà títí tí kò fi sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mi ò sì padà lọ wò ó, torí ẹ̀rù ń bà mí pé màá bá a bó ṣe wà. Ọjọ́ pé, Ẹ̀gbọ́n Màmá ní kí Mínháàjì tẹ àmì fún òun, ó tẹ̀ ẹ́, a da kọnkéré. Nígbà tí àwọn oní-páìpù gbé páìpù wọn dé, páìpù kò bá ihò. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi fọ́ ògiri náà, eruku rẹ̀ wọ inú oúnjẹ wa.

Ẹnjiníà Rímà, obìnrin ará Jọ́dánì tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wa, pè wá sí ọ́fíìsì. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú wa, ó ní, "Orúkọ ta nìyí?"

Mínháàjì ní, "Orúkọ mi ni. Ọ̀gá ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́."

Ẹnjiníà wo Ẹ̀gbọ́n Màmá. Ẹ̀gbọ́n Màmá ní, "Mo sọ fún un pé kó wò ó dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́."

Ó wá kọjú sí mi. "Rífáàtì, ìwọ lo ń yẹ ibẹ̀ wò. Ṣé o rí i kí a tó da kọnkéré?"

Mo ní, "Rárá, Ẹnjiníà. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ògiri yẹn."

Mínháàjì yíjú wò mí. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo gbé tíì wá, Bàbá. Ọdún mẹ́fà ló ti lò láàárín wa, ó mọ ohun tí tíì ẹ̀yìn pákó jẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wò mí, ó sì gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé òun ló yẹ kí ojú tì. Mo rò pé ó ń bo ọ̀gá rẹ̀ láṣìírí, bí àwa náà ṣe kọ́ ọ.

Ó ṣì wà ní ibùdó wa, ó ń dúró de ìwé tí á fi jáde nílùú. Kò yí padà sí mi. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó se ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì bu tèmi ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e sílẹ̀ títí ó fi tutù. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló ní nílé, àgbà wọn fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Bàálù rẹ̀ ń gbéra ní ọjọ́ kejìlá oṣù yìí. Tó bá ti jáde, físà rẹ̀ ti kú nìyẹn.

Mo lè kọ ọ́ sórí pilánù lónìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ọ́, orí Ẹ̀gbọ́n Màmá ló máa dá lé, ẹ sì ti sọ fún mi pé kí n má ṣe é láéláé. Ọ̀rọ̀ yín ni mo tẹ̀ lé. Ẹ tú mi sílẹ̀, Bàbá. Ẹ fún mi láṣẹ, màá kọ ọ́.

Ọmọ yín,
Rífáàtì


Jíríjà,
ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejìlá

Rífáàtì,

Mi ò kí ọ. Oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ló máa ya fọ́tò ìwé yìí, tí á sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, torí mi ò fẹ́ kó sùn lọ́nà. Mi ò gbé e fún ìyá rẹ.

Àná ni lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi, ọjọ́ kẹrìndínlógún. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ kejìlá ni ọkùnrin náà ń lọ. Mo jókòó, mo fi ìka ka ọjọ́. O ní fóònù. O ń pe ìyá rẹ lójoojúmọ́. O ní gíláàsì tí ilẹ̀kùn fi ń sún láti Bẹ̀rúùtù dé Ríyáàdì kí ènìyàn tó mu tíì tán. Nígbà tí o wá fẹ́ bi mí ní ohun tó le jù tí o tíì bi mí rí, bébà lo fi bi mí, o fi lé ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì, tó tún ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́. Ọdún kẹjọ rẹ nìyí tí o ti ń rán irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí mi. O mọ ọjọ́ tó máa dé. O fẹ́ kó pẹ́ ni.

Mi ò lè bú ọ. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n fún ọ. Nígbà tí mo kà á dé ibi ọjọ́ kejìlá, tí mo rí i pé ó ti kọjá, ọkàn mi fúyẹ́. Mo ní ó ti lọ, ó ti parí, Dàdírù ti yọ, ìyá rẹ ò ní sunkún. Inú mi dùn pé wọ́n ti lé ẹni tí kò ṣẹ̀ lọ sílé. Èmi, pẹ̀lú irun funfun orí mi, nínú súwẹ́tà rẹ. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ ohun tí ọkàn mi ń sọ, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè lọ kírun pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Ilé ni mo ti kí i.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ tíì tí mi ò kọ́ ọ. A ń bo ọ̀gá kí ọ̀gá lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe ni. Ẹni tó gbé tíì lọ gbọ́dọ̀ padà lọ wò ó. Tí ọ̀gá ò bá tún un ṣe, a kì í bò ó mọ́. Mo ti rí ẹni tó gbé òòlù níṣojú gbogbo ènìyàn, tí ọkọ̀ kọnkéré ti dé, tó fọ́ àpótí ọ̀gá rẹ̀ kúrò lára pákó, tó ní, "Ọ̀gá, ibí yìí kọ́." Bagdáàdì ni. Dàdírù ló gbé òòlù, èmi ni ọ̀gá náà. Ó ti gbé tíì fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo mu ún, mi ò sì ṣe nǹkan kan. Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wá ń kọ́ ọ níṣẹ́, mo kọ́ ọ ní tíì, mo sì fi òòlù sílẹ̀, torí pé ó ń tì mí lójú.

Má bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní ohun tí ènìyàn ń pè ní àṣẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ kọ ọ́. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ní kí o dákẹ́, kọ orúkọ mi síbẹ̀ ní kíkún. Màá sọ fún ìyá rẹ fúnra mi.

Abdu-Ràdí


Ríyáàdì,
ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà ìbínú Màmá. Kò gbé fóònù mi mọ́, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún un.

Ìwé yín bá mi ní ìsàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Ìdúró ni mo ti kà á. Òótọ́ ni, mo mọ ọjọ́ tó máa dé. Nígbà tí mo ń lẹ ẹnu àpòòwé pọ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní nǹkan mìíràn láti fi kún un.

Mo ṣí pilánù, mo fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, àmì pupa yọ. Mo da ohun tí mo kọ kọ síbí kí ẹ lè kà á bí àwọn yòókù ṣe kà á:

"Mo rí i ní ọjọ́ mẹ́ta kí a tó da kọnkéré pé àwọn ihò yìí fi ogójì sẹ̀ǹtímítà ga jù. Mi ò kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bi mí ní ọ́fíìsì, mo parọ́. Mínháàjì kò wọn ihò kankan. Wọ́n ní kó tẹ àmì, ó tẹ̀ ẹ́. Rífáàtì Abdu-Ràdí."

Mi ò fi orúkọ yín sí i. Ẹ̀yin ò sí ní Ríyáàdì, èmi ni mo wà níbẹ̀. Mi ò sì dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Màmá pẹ̀lú. Ẹ lè sọ pé ẹ̀rù ló ṣì ń bà mí, mi ò ní bá yín jiyàn.

Ẹnjiníà Rímà pè mí lọ́sàn-án. Ó ní, "Ìwọ ni mo dárúkọ nígbà tí mo ń bèèrè." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo tiẹ̀ wò ọ́ lójú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, mo ti padà sídìí pákó báyìí, lábẹ́ ẹni tí mo ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ọ́fíìsì ti kọ̀wé pé kí Mínháàjì padà wá, ṣùgbọ́n físà ti kú, òmíràn sì lè gba oṣù mẹ́fà, ó sì lè má jáde. Wọn ò ṣe ìlérí kankan.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n Màmá lọ bá olùyẹ̀wò tuntun, ó ní kó fún òun ní gíláàsì náà. Ẹnì kan ní òun á bá a tẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n Màmá ní rárá. Ó jókòó lórí pákó, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa dúró láìṣiṣẹ́ a ń wo ibòmíràn. Nígbà tó parí, ó dá a padà, ó sì lọ. Ohun tó kọ sábẹ́ tèmi nìyí: "Ó gbé tíì wá fún mi. Mo mọ ìdí tó fi gbé e wá. Dàdírù."

Ibi tí wọ́n ń kó pákó àlòkù sí ni wọ́n gbé e lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò kó kúrò ní yàrá tí a jọ ń gbé. A jọ ń jẹun, a sì ń fa àwo sún mọ́ ara wa. Mo ń ka oṣù mẹ́rin yín.

Ó ku nǹkan kan. Tí ènìyàn bá kọ̀wé sórí pilánù, orúkọ gbogbo àwọn tó ti kà á máa ń tò sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n ṣí i. Àwa káfíńtà náà ní in lórí fóònù tiwa, kò sì sẹ́ni tó rántí láti yọ orúkọ Mínháàjì kúrò nígbà tó lọ. Lánàá, nígbà tí a ń sinmi, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ó ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti abúlé rẹ̀. Ní àárọ̀ yìí, ó ti di ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Àyè wà lábẹ́ rẹ̀ tó lè kọ̀wé sí bó bá fẹ́, kò sì kọ nǹkan kan.

Ọmọ yín,
Rífáàtì